Wọ́n ń bú ọ nínú Dota 2? Bí o ṣe lè kọ́ géèmù náà láìjẹ́ kí eléébú lé ọ dànù

Ó ṣòro kí ọ̀sẹ̀ kan parí kí ẹnì kan má bi mí ní ìbéèrè yìí nípa Dota 2, géèmù ìjà orí kọ̀ǹpútà: "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Dota 2. Àwọn tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ló ń bú mi bí ẹni pé mo jí nǹkan wọn. Ṣé kí n pa géèmù yìí tì ni?"

Má tíì pa á tì. Tẹ̀ lé àwọn ìgbésẹ̀ tí mo tò sísàlẹ̀ yìí, kí o sì tẹ̀ lé wọn bí mo ṣe tò wọ́n, torí ẹni tó bá fi ti ìkẹyìn ṣe ti àkọ́kọ́ ló sábà máa ń sá kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń kà á, ẹ dákun, ẹ má bínú sí "o" tí mo ń lò. Àwọn àbúrò tó ń bi mí ni mo ń dá lóhùn.

Bí o kò bá ní àyè láti kà á tán lónìí, mú méjì yìí lọ ná: pa eléébú lẹ́nu mọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ eré, má sì dá èébú kankan padà. Màá sọ ìdí tí èkejì fi ṣe pàtàkì ju bí o ṣe rò lọ.

## Ohun tó ń bí wọn nínú

Ènìyàn márùn-ún ló ń bá ènìyàn márùn-ún jà. Nígbàkígbà tí o bá kú, ọ̀tá tó pa ọ́ máa gba owó àti ìrírí. Yóò fi owó náà ra ohun ìjà, yóò sì gbé e wá bá àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ rẹ. Àṣìṣe rẹ kì í dúró sọ́dọ̀ rẹ nìkan, ó máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀.

Èkejì ni pé eré kan lè gba ìṣẹ́jú 40, kò sì sí ẹni tó lè jáde láàárín kan kó má jìyà. Ẹni tó bá ti rí i ní ìṣẹ́jú kẹwàá pé eré ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn mọ̀ pé òun ṣì máa jókòó síbẹ̀ títí yóò fi parí. Inú rẹ̀ á máa ru. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni yóò dà á lé lórí, ìwọ tó o jẹ́ ọmọ tuntun lo sì máa ń kú jù.

Hero, ìyẹn akọni tí ò ń darí nínú ìjà, lé ní 120 nínú géèmù náà. Kò sí bí o ṣe lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wọn ní oṣù àkọ́kọ́. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́.

Mi ò fi èyí dá wọn láre o. Ẹni tó bú ìyá ẹlòmíì nítorí géèmù ti ṣe ohun tó burú, kò sí àlàyé tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé ìwọ gan-an kọ́ ni wọ́n ń bá jà. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́.

## Kí o tó bá ènìyàn ṣeré

1. Yan server (kọ̀ǹpútà tí eré ń gbà kọjá) tó yá fún ọ. Níbi tí o ti ń wá eré, Dota 2 máa ń kọ ping, ìyẹn iye àkókò tí àṣẹ rẹ fi ń dé server, sí ẹ̀gbẹ́ agbègbè kọ̀ọ̀kan. Bí o bá wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, fi Europe West wé South Africa, kí o mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré. Má rò pé torí pé South Africa wà ní Áfíríkà ló ṣe máa yá jù. Nọ́ńbà ni kí o gbà gbọ́. Bí ping bá ga, hero rẹ á máa rìn bí ẹni tó ń sùn, ìwọ ni wọ́n á sì dá lẹ́bi.

2. Mú ipò kan ṣoṣo. Ipò márùn-ún ló wà, wọ́n ń fi nọ́ńbà 1 sí 5 pè wọ́n. Mo gbà ọ́ níyànjú pé kí o bẹ̀rẹ̀ láti 5, ìyẹn ẹni tó ń ran àwọn yòókù lọ́wọ́. Owó púpọ̀ kò pọn dandan fún un kó tó wúlò. Má lọ sí àárín, ibi tí wọ́n ń pè ní mid. Ìwọ nìkan ni yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀tá kan, gbogbo ojú á sì wà lára rẹ.

3. Mú hero méjì péré. Ogre Magi àti Lich dára fún ipò 5. Bí ó bá jẹ́ pé ìjà gan-an lo fẹ́, mú Wraith King. Sá fún Invoker, Meepo àti Earth Spirit fún ìgbà pípẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n dùn ún wò lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ kò tíì yá tó.

4. Ṣí guide inú géèmù. Ó máa fi ohun tó yẹ kí o rà hàn ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù àti agbára tó yẹ kí o kọ́kọ́ mú. Má rà á bí ó ṣe wù ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́.

5. Wọ Demo Hero. Ibẹ̀ nìwọ nìkan máa wà. Tẹ gbogbo bọ́tìnnì hero rẹ, wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe àti ibi tí ó dé. Ìṣẹ́jú 20 tó.

6. Bá bots, àwọn òṣèré tí kọ̀ǹpútà ń darí, ṣeré ní ìgbà mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà kì í búni. Bẹ̀rẹ̀ láti Easy, kí o sì gòkè sí Medium nígbà tí o bá ti ń borí léraléra.

7. Lẹ́yìn náà, lọ sí Turbo. Níbẹ̀, owó àti ìrírí ń yára wọlé, tower (ilé ìṣọ́ tó ń dáàbò bo ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan) kò le bíi ti eré gidi, eré náà sì máa ń tètè parí. Bí o bá pàdánù, kò jẹ gbogbo alẹ́ rẹ.

Ranked, eré tí wọ́n fi ń díwọ̀n ipò rẹ, kò kàn ọ́ báyìí. Géèmù náà kò tilẹ̀ ní gbà ọ́ síbẹ̀ kí o tó ṣeré fún wákàtí 100, wàá sì ní láti fi nọ́ńbà fóònù so àkáǹtì rẹ. Àwọn kan ń bi mí bí wọ́n ṣe lè ra àkáǹtì tó ti pé wákàtí náà. Má ṣe é. Wàá fi owó ra èébú ni, torí àwọn tí wọ́n máa fi ọ́ sí àárín wọn ti mọ̀ ọ́n ju ọ lọ fíìfíì.

## Pa wọ́n lẹ́nu mọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ bú àwọn kí wọ́n tó tẹ Mute. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Ọkàn rẹ ti kúrò lórí eré, wàá sì kú lẹ́ẹ̀kan sí i, èébú mìíràn á tún tẹ̀ lé e. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan bú mi láti ìṣẹ́jú kẹta títí eré fi parí, mo sì ń dúró kó rẹ̀ ẹ́. Kò rẹ̀ ẹ́. Èmi ló rẹ̀, odidi oṣù kan ni mi ò fi ṣí géèmù yẹn mọ́.

1. Lọ sí Options, wá ibi tí ètò ọ̀rọ̀ sísọ wà, kí o wo àwọn tó lè fi ohùn tàbí ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Bí o bá lè dín in kù sí ọ̀rẹ́ nìkan, dín in kù.
2. Fi máìkì tìrẹ sí orí bọ́tìnnì, kí ohùn rẹ má baà jáde àfi bí o bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn ará ilé ń sọ̀rọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń dún. Ìyẹn náà ń bí àwọn ẹlòmíì nínú.
3. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣí pátákó orúkọ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ. Àmì Mute wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀fẹ̀ burúkú kí ìjà tó dé, tẹ̀ ẹ́ fún un lójú ẹsẹ̀.
4. Má sọ fún un pé o ti mute rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́, kí o máa bá eré lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò ní pàdánù ọ̀rọ̀ pàtàkì?" Ohun tó ṣe pàtàkì nínú Dota 2, ojú lo fi ń rí i: ibi tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ tẹ̀ lórí máàpù, ibi tí hero rẹ̀ kọjú sí, ẹ̀jẹ̀ tó kù lára ọ̀tá. Chat wheel sì wà, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tí o kàn máa yàn. Bí o bá ti lé ní 50 eré, o lè ṣí etí rẹ díẹ̀díẹ̀.

Yẹ èyí wò kí o tó tẹ Accept láti wọ eré:
- Mo ti jẹun, mi ò sì bínú tẹ́lẹ̀
- Wákàtí kan wà lọ́wọ́ mi tí ẹnikẹ́ni kò ní pè mí
- Iná tàbí bátìrì á gbé e dé òpin
- Máìkì mi wà lórí bọ́tìnnì
- Mo mọ hero tí màá mú, mo sì mọ èkejì bí wọ́n bá gba ti àkọ́kọ́

## Nígbà tí èébú bá dé

Àní bí o bá ṣe gbogbo rẹ̀, ọ̀kan á yọ́ wọlé. Ohun tí o máa ṣe nìyí:

1. Mú ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù ọ̀rọ̀. Má kọ ohunkóhun fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.
2. Mute rẹ̀.
3. Wò ó bóyá ẹ̀kọ́ wà nínú èébú náà. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí, torí ọ̀pọ̀ nínú èébú Dota jẹ́ ìmọ̀ràn tí wọ́n fi ẹ̀gbin bò. Gé ẹ̀gbin kúrò, kí o mú ìmọ̀ràn.

- Bí wọ́n bá ń pariwo "wards", wọ́n ń sọ pé o kò fi ojú sí máàpù. Ọ̀fẹ́ ni Observer Ward, ohun tó ń jẹ́ kí ẹ máa rí agbègbè tí o bá gbé e sí, nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì máa ń wà fún ìṣẹ́jú 6 kí ó tó kú. Bí o bá wà ní ipò 5, iṣẹ́ rẹ ni. Mú un ní gbogbo ìgbà tí o bá padà sílé.
- Bí wọ́n bá kọ "TP???", ìjà ń lọ níbì kan, o kò sì ní Town Portal Scroll, ìwé tó ń gbé ọ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ kíá. Owó inú géèmù 100 ni. Má jáde nílé láìní in, àní bó bá gba pé kí o fi ohun ìjà tí o fẹ́ rà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.
- Bí ó bá jẹ́ "stop feeding" (má kú fún ọ̀tá mọ́), ó ṣeé ṣe kí o ti kú lójú ọ̀nà kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Wo máàpù: bí ọ̀tá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò bá hàn, gbà pé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ń bọ̀. Padà sẹ́yìn tower.
- "Report" pẹ̀lú orúkọ hero rẹ: ìhàlẹ̀ ni. Pé wọ́n kọ ọ́ kò sọ pé wọ́n máa fìyà jẹ ọ́. Àìmọ̀ọ́ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú òfin géèmù náà.
- "Noob", "uninstall", ọ̀rọ̀ ìyá àti bàbá: kò sí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀. Jù ú nù.

4. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ tìrẹ, kọ "my bad" lẹ́ẹ̀kan péré. Má ṣàlàyé. Má bẹ̀bẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Má sì kọ ọ́ síbi tí ọ̀tá lè rí i.
5. Parí eré náà. Àní bí o bá ti mọ̀ pé ẹ máa pàdánù.
6. Bí o bá pàdánù méjì tẹ̀léra, dìde. Mu omi, jáde síta. Ẹ̀kẹta tí ènìyàn ń ṣe láti fi gbẹ̀san ni mo ti rí ìwà tó burú jù lọ, lọ́wọ́ tèmi náà.

## Ìdí tí o kò fi gbọ́dọ̀ dá a padà

Àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní máàkì méjì: Behavior Score fún ìwà, Communication Score fún ọ̀rọ̀ ẹnu. 12,000 ni èyí tó ga jù nínú méjèèjì. Bí ẹnu rẹ bá ń mú kí wọ́n ripọ́ọ̀tì rẹ, máàkì ọ̀rọ̀ á wálẹ̀, ó sì lè dé ibi tí wọ́n á gba ohùn lẹ́nu rẹ. Bí ti ìwà bá wálẹ̀ jù, àwọn àǹfààní mìíràn á máa lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé géèmù náà máa ń wo máàkì ìwà nígbà tó bá ń yan àwọn tí ẹ máa jọ ṣeré. Ọlọ́mọlúàbí ń bá ọlọ́mọlúàbí pàdé, eléébú ń bá eléébú pàdé. Ọmọ tuntun tí wọ́n bú, tó bá bú wọn padà, yóò máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé àárín àwọn tó burú ju ẹni tó kọ́kọ́ bú u lọ. Yóò wá máa sọ pé gbogbo àwọn tó ń ṣe Dota ló ti bàjẹ́. Àwọn tí máàkì rẹ̀ kó o mọ́ ló ń rí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ṣí profaili rẹ lónìí kí o wo méjèèjì. Bí wọ́n bá ti wálẹ̀, wọ́n ṣeé gbé dìde: máa parí eré rẹ, mú ẹnu dání, má fi eré kankan sílẹ̀. Yóò pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á gòkè.

## Bí a ṣe ń ripọ́ọ̀tì

Ripọ́ọ̀tì ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ń kú fún ọ̀tá, ẹni tó ń ba eré ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́, ẹni tó ń fi àwọ̀ tàbí ẹ̀yà búni. Má ripọ́ọ̀tì ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwọ náà nìyẹn lánàá.

1. Ṣe é láàárín eré, lórí pátákó orúkọ, ní kété tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ìyẹn á jẹ́ kí àkókò náà gan-an wà nínú àkọsílẹ̀.
2. Mú ẹ̀ka tó bá ohun tó ṣe mu. Èébú yàtọ̀ sí mímọ̀ọ́mọ̀ ba eré jẹ́.
3. Má kéde rẹ̀.

Àwọn òṣèré mìíràn tí ìwà wọn dára ló máa ń wo irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Overwatch. Wọ́n lè sọ pé ó jẹ̀bi, pé kò jẹ̀bi, tàbí pé ẹ̀rí kò tó. Nítorí náà, ẹjọ́ tí o bá fi ìbínú lásán sùn kò ní lọ jìnnà.

## Bí iná bá lọ

Èyí ló ń pa àwa tó wà nílé jù. Bí o bá ti kúrò nínú eré ju ìṣẹ́jú 5 lọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé o sá. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, inú Low Priority, ibi tí wọ́n ń fi àwọn tó ń sá kúrò nínú eré sí, lo máa bá ara rẹ, àfi kí o sì borí iye eré tí wọ́n bá dá fún ọ kí o tó jáde. Ibẹ̀ kò dára fún ọmọ tuntun rárá. Àárín àwọn tí wọ́n ń jìyà lọ́wọ́ lo máa wà.

- Bí o bá mọ àkókò tí wọ́n ń mú iná lọ ní àdúgbò rẹ, má bẹ̀rẹ̀ eré nígbà tó kù díẹ̀.
- Kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣì lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ráútà bá ti kú. Wá nǹkan kékeré tó lè gbé ráútà fún wákàtí kan, tàbí kí fóònù tó ní dátà wà nítòsí láti fi ṣe hotspot.
- Bí o bá rí i pé ó fẹ́ já, tẹ F9 kí eré dúró, kí o kọ "power, 2 min". Ọ̀pọ̀ á dúró dè ọ́. Ó yà mí lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀tá pàápàá dúró.
- Bí o bá já, ṣí géèmù padà kíá, tẹ Reconnect. Má sùn lọ torí pé o rò pé ó ti parí.

## Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ tí wọ́n fi àwọ̀ rẹ bú ọ

Ó ń ṣẹlẹ̀ sí wa lórí server Yúróòpù, ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù náà. Má fèsì rárá, má sì gbìyànjú láti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ripọ́ọ̀tì, Mute, ó tán. Bí ó bá dà ọ́ láàmú lẹ́yìn eré, pe ọ̀rẹ́ kan kí o sọ ọ́ fún un. Má gbé e sùn. Bí o bá sì rí i tí wọ́n ń ṣe é fún ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ rẹ, bá a ripọ́ọ̀tì, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ rere kan sí i.

## Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí

Pípariwo pé "I am new". Sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan bí o bá fẹ́, níbẹ̀rẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ lẹ́yìn ikú kẹrin, àwáwí ló máa dún bí.

Fífi ara ẹni wé smurf. Smurf ni ọ̀gá tó ṣí àkáǹtì tuntun láti máa jẹ àwọn ọmọ tuntun. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2023, Valve tó ni géèmù náà kéde pé àwọn ti ti 90,000 irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ pa. Wọn ò tíì tán. Bí ẹnì kan bá pa yín ní ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú 15, tí kò ṣe àṣìṣe kankan, ripọ́ọ̀tì rẹ̀, má sì fi eré yẹn díwọ̀n ara rẹ.

Yíyí hero padà lẹ́yìn ìpàdánù kọ̀ọ̀kan. Wàá mọ hero 15 díẹ̀díẹ̀, wàá sì kú pẹ̀lú gbogbo wọn.

## Bí èyí kò bá tó

Wá ẹnì kan péré tí ẹ jọ máa wọlé. Àwọn mẹ́ta ló kù tí ẹ kò mọ̀ nígbà yẹn, ẹnì kan á sì wà tó máa sọ fún ọ pé "kò burú". Bí ẹ bá pé márùn-ún, kò sí àjèjì kankan nínú ẹgbẹ́ yín mọ́, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo kọ sókè yìí ò sì ní kàn yín.

Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kò sí tàbí pé àkókò kéré, Mobile Legends wà lórí fóònù. Irú ìjà kan náà ni, márùn-ún sí márùn-ún, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ bíi ti Dota. Eléébú wà níbẹ̀ náà o, nítorí náà kọ́kọ́ wá bọ́tìnnì Mute wọn.

Dúró, kí o pa á tì fún ìgbà díẹ̀, bí o bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:
- O ń jágbe mọ́ àwọn ará ilé lẹ́yìn eré
- Ọ̀rọ̀ tí àjèjì kan sọ kò jẹ́ kí o sùn
- Ìwọ náà ti ń bú àwọn tuntun

Kò sí ohun tí wàá pàdánù. Ọ̀fẹ́ ni géèmù náà, ọ̀fẹ́ ni gbogbo hero, àkáǹtì rẹ á sì dúró dè ọ́. Ọjọ́ tí o bá padà, bá bots ṣe mẹ́ta ná, lẹ́yìn náà Turbo kan, kí o tó wọ àárín ènìyàn.